Ogún Ọmọdé Kì Í Ṣeré fún Ogún Ọdún: Ta Ló Ń Tọ́jú Ọkàn Ẹni Tó Ṣẹ́kù?

  

A ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru níbí, a ti sọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, a ti sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti ibà. Ohun tí a fẹ́ mẹ́nu bà lónìí kò ní ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún 10 sí 16 ló sábà máa ń ṣe, ó sì lè ṣe é nínú ilé tí oúnjẹ wà, tí owó ilé-ìwé ti wọlé, tí gbogbo ènìyàn sì ń sùn wọra.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọmọ yín ní ọ̀rẹ́ kòríkòsùn kan láti kékeré. Wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Wọ́n jọ ń lọ sí ilé-kéwú tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ ti rán aṣọ kan náà fún wọn nígbà ọdún rí, àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ń pè wọ́n ní ìbejì. Nígbà tó yá, ọmọ kejì kò wá mọ́. Ẹ bi tiyín pé, "Ọ̀rẹ́ ẹ dà?" Ó ní, "Ó wà níbẹ̀." Ẹ dúró títí, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni àwa àgbà máa ń sọ? A óò rẹ́rìn-ín, a óò ní, "Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún." Ọ̀rọ̀ parí, a padà sídìí ọjà wa.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kò parí níbẹ̀. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ọmọrí ìkòkò, a fi ń bo ohun tó ń hó lábẹ́. Òwe náà sọ fún wa pé eré yóò tán. Kò sọ pé kò ní dun ẹni tó ṣì fẹ́ ṣeré.

*ÒWE NÁÀ KÒ PARỌ́*

Ká kọ́kọ́ fún àwọn baba ńlá wa ní ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣọ́ ọ̀rẹ́ méjì-méjì 573, láti ìgbà tí àwọn ọmọ náà wà ní kíláàsì keje, nígbà tí wọ́n tó bí ọmọ ọdún 12 tàbí 13, títí wọ́n fi dé kíláàsì kejìlá tí wọ́n fi ń parí sẹ́kọ́ńdírì lọ́hùn-ún. Nínú ọ̀rẹ́ 100, bí ọ̀kan péré ni kò já títí dé òpin. Ohun tí àwọn àgbà wa fi ojú lásán rí, àwọn wọ̀nyí kà á níye.

Wọ́n tún rí ohun tó ń já okùn náà. Ìyàtọ̀ ni. Bí ọ̀kan bá mọ̀wé ju èkejì lọ, bí àwọn ẹgbẹ́ bá gba ti ọ̀kan ju ti èkejì lọ, bí ọ̀kan bá jẹ́ oníjà tí èkejì kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, okùn náà kì í pẹ́ já.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ara ọmọbìnrin lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti ọmọ ọdún 8, ó sì lè pẹ́ títí di ọdún 13 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 9 sí 14. Nítorí náà, ọmọbìnrin méjì tí a bí lóṣù kan náà lè wà ní kíláàsì kan náà, kí ọ̀kan ti máa rí nǹkan oṣù, kó ti máa tijú àyà rẹ̀, kí èkejì ṣì máa wá ẹni tí yóò bá a ta súwèé lẹ́yìnkùlé. Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì nínú wọn. Ara ló gba ọ̀nà méjì.

Ilé-ìwé náà ń kópa níbẹ̀. Wọ́n jọ jáde ní pírámárì, ọ̀kan bọ́ sí JSS1 nílé-ìwé ìjọba ládùúgbò, èkejì lọ gbé ní bọ́dìn. Àwọn tó tilẹ̀ jọ dé JSS3 ṣì máa dé SS1, kí wọ́n pín wọn: ìwọ lọ sí Science, ìwọ lọ sí Art, ìwọ lọ sí Commercial. Òmíràn wà tí owó kò sí mọ́ nílé, tí wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ra ìwé SS1. Òmíràn wà tí àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ilé lọ sí Kánádà tàbí Ìlú Ọba, tí gbogbo ohun tó kù kò ju fọ́tò lórí fóònù lọ. Àti fóònù fúnra rẹ̀: ẹni tó ní in wà nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ẹni tí kò ní in kò lè gbọ́. Bó bá di òwúrọ̀, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín ohun tí wọ́n sọ lóru, ẹnì kan á sì jókòó láàárín wọn bí àjèjì.

Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ pàdánù ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ ro pé òun kò tọ́ ọmọ dáadáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ló ṣẹlẹ̀ sí tirẹ̀.

*KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń DÙN WỌ́N TÓ BẸ́Ẹ̀?*

Dókítà ọpọlọ kan wà ní Amẹ́ríkà láyé ijọ́un, Harry Stack Sullivan. Ó kọ́ni pé láti nǹkan bí ọmọ ọdún 8 sí 10, ọmọ máa ń yan ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ayọ̀ ẹni náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lógún tó tara rẹ̀. Ìyá àti bàbá, a bí i bá wọn ni. Ọ̀rẹ́ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó fúnra rẹ̀ yàn. Tí ẹni náà bá wá yí ẹ̀yìn padà, ìbéèrè tó máa wọ inú ọmọ ni pé, "Kí ló wà lára mi tí kò dáa?"

Ẹ tún wo ọpọlọ ọmọ náà. Apá tó wà níwájú orí, tó ń bá wa díwọ̀n ọ̀rọ̀, tó ń sọ fún wa pé "fara balẹ̀, èyí náà á kọjá," kì í gbó tán títí ènìyàn fi máa tó bí ọmọ ọdún 25. Ibi tí ìbínú, ìtìjú àti ìfẹ́ ti ń hó ti tètè jí ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pé 50 tàbí 60 ọdún, ẹ ti sin òkú, ẹ ti pàdánù owó, ẹ ti bá ọ̀rẹ́ jà ẹ sì ti rí òmíràn. Ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé ìbànújẹ́ máa ń tán. Ọmọ ọdún 13 kò tíì ní ẹ̀rí kankan. Lójú tirẹ̀, bó ṣe rí lónìí ni yóò ṣe máa rí títí ayé.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ rò. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, a óò lọ kí i kú ará fẹ́ra kù, a óò gbé oúnjẹ lọ, a óò jókòó tì í. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà láàyè, tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tí kò kí i, ta ló ń lọ kí i? Òun náà ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ fún ọ̀fọ̀ rẹ̀.

*ÌDÍ TÍ MO FI PÈ É NÍ Ọ̀RỌ̀ ÌLERA*

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19 lágbàáyé, ẹnì kan nínú 7 ló ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn àpọ̀jù sì wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àjọ náà tún gbé ìròyìn jáde pé ẹnì kan nínú ènìyàn 6 láyé ni ìdánìkanwà ń bá jà, àti pé àwọn ọ̀dọ́ wà lára àwọn tí ó ń mú jù. Ìròyìn yẹn so ìdánìkanwà pọ̀ mọ́ àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti ikú àìtọ́jọ́. Ẹ rí i pé a kò jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a máa ń sọ. Àwọn àgbà kúkú ti wí: àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni yóò ṣàìsàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sunkún díẹ̀, wọ́n á rí ọ̀rẹ́ tuntun, ó parí. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwa ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká wò ó.

*OHUN MẸ́RIN TÓ YẸ KÁ YÉÉ ṢE*

1. Ẹ jẹ́ ká yéé fi í rẹ́rìn-ín. "Nítorí ọ̀rẹ́ lo ṣe ń sunkún? Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, omi ni mò ń pọn." Ọmọ tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní mú ọ̀rọ̀ wá mọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ńlá bá dé, yóò gbé e pamọ́ bákan náà.

2. Ẹ jẹ́ ká yéé fi tipátipá so wọ́n pọ̀. Ìyá kan á mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Ó yá, ẹ gbá mọ́ra, ẹ jọ kúnlẹ̀." Wọ́n á gbá mọ́ra níwájú àgbà, ìtìjú á sì di méjì nígbà tí wọ́n bá dé ilé-ìwé. Ìjà la máa ń parí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìjà. Ọmọ méjì tí ọ̀nà wọn ti yà, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ kí ọ̀nà wọn tún di ọ̀kan.

3. Ẹ jẹ́ ká yéé gba ìjà náà ṣe. Àwọn ìyá méjì tó jọ ń dá àjọ láti ọdún mẹ́wàá, wọn kò kí ara wọn mọ́ nítorí ọmọ ọdún 12. Wọ́n ń fi òwe bú ara wọn lórí Status WhatsApp. Ọmọ ń wo wọ́n. Ohun tó rí kọ́ ni pé bí ọ̀rẹ́ bá tán, ọ̀tá ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ àwọn ìyá kì í ṣe ẹrù àwọn ọmọ. Ẹ máa bá tiyín lọ.

4. Ẹ jẹ́ ká yéé fi ọ̀rẹ́ àná na ọmọ bí pàṣán. "Ṣé o rí Lágbájá tí ẹ jọ ń ṣeré? Ó ti wà ní Science báyìí, ìwọ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yìí ń fi ọwọ́ tẹ ojú egbò gan-an. Ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ nítorí pé kò bá a mọ̀wé tó, ẹ wá tún un sọ fún un nílé.

*ẸNÌKAN Á NÍ, "ṢEBÍ ÀWA NÁÀ DÀGBÀ BẸ́Ẹ̀?"*

Mo gbọ́ yín, ẹ̀yin àgbà wa. Òótọ́ ni pé àwa náà pàdánù ọ̀rẹ́, a kò sì kú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó gbé wa ró. Agbo ilé ni a dàgbà sí. Bí ọ̀kan bá bínú sí ẹ, ọmọ mẹ́jọ ṣì wà lójúde tí ẹ ó jọ gbá bọ́ọ̀lù tàbí sá eré òṣùpá. Ìyá àgbà wà lójú ilẹ̀kùn tó máa pè ẹ́ pé, "Wá, kí ló ń ṣe ẹ́ tí o ń fajúro?"

Ẹ wo àwọn Ìjẹ̀bú àti ẹgbẹ́ régberégbe wọn, tí wọ́n ń fi tàyọ̀tàyọ̀ jáde níwájú ọba nígbà Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Kì í ṣe nítorí pé o fẹ́ràn ẹnì kan tàbí ẹnì kan fẹ́ràn rẹ lo fi wà nínú régberégbe. Ìgbà tí wọ́n bí ọ ló mú ọ wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ kan lè bínú sí ọ, ẹgbẹ́ kò ní torí ẹ̀ lé ọ jáde. Ọgbọ́n ńlá ni àwọn baba wa fi pamọ́ síbẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé nínú fúláàtì tí géètì rẹ̀ wà ní títì. Kúrò nílé-ìwé, bọ́ sí lẹ́sìnnì, padà sílé, jókòó ti fóònù. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo náà ni gbogbo agbo ilé rẹ̀. Bí ẹni náà bá lọ, gbogbo òde ló dá. Nítorí náà, ohun tí àwa gbé mì lọ́jọ́ kìíní lè há ọmọ òde òní lọ́fun.

*ÌGBÀ TÍ KÌ Í ṢE ÌDÀGBÀ LÁSÁN*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Ọ̀rẹ́ tó bá ń tán nítorí ìdàgbà máa ń tán díẹ̀díẹ̀. Bó bá já lójijì, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ wádìí.

Bí ọmọ bá sọ pé òun kò ní lọ sí ilé ọ̀rẹ́ òun mọ́ láé, tí kò sì sọ ìdí, ẹ má bú u pé ó ń gbéra ga. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló wà nínú ilé yẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí àbúrò bàbá wọn, tàbí ẹni tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì, ló ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sá fún nígbà náà. Ẹ gbà á gbọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ẹbí.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ ló pa ẹ̀yìn dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín lórí fóònù, tí wọ́n ń pín fọ́tò rẹ̀ tàbí àṣírí rẹ̀ kiri. Ẹ lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó kíláàsì náà sọ̀rọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ọkàn yín gba èyí: nígbà míràn, ọmọ tiyín ni ọ̀rẹ́ sá fún. Bóyá ó ti ń fọwọ́ kan oògùn olóró, tàbí ó ti bá àwọn kan kẹ́gbẹ́ òkùnkùn, tí ọmọ kejì rí i tí ẹ̀rù sì bà á. Ẹ má tètè bú ọmọ ọlọ́mọ.

Àti pé ọmọ tiyín lè jẹ́ ẹni tó ń fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Kò burú pé ó fẹ́ rìn pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ẹ kàn kọ́ ọ ní ìwà ọmọlúàbí nínú rẹ̀: kó máa kí ẹni náà, kó má fi í ṣẹ̀sín níwájú ọ̀rẹ́ tuntun, kó sì pa àṣírí tí wọ́n jọ mọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ lè tán, àṣírí kì í tán. Ọmọ tó bá mọ èyí ní ọdún 13 yóò jẹ́ ènìyàn gidi ní ọdún 40.

*ÀMÌ TÍ KÒ YẸ KÁ FOJÚ FÒ*

Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta nínú nǹkan wọ̀nyí, tí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ẹ mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n:

– Kò rí oorun sùn lóru, tàbí ó ń sùn ṣáá. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10.
– Oúnjẹ kò wù ú mọ́, tàbí ó ń jẹ láìdáwọ́ dúró.
– Orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, a yẹ̀ ẹ́ wò a kò rí ibà.
– Ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù, orin, ìlù, dídi irun, kò wù ú mọ́.
– Ó ń já wálẹ̀ nílé-ìwé, tàbí kò fẹ́ lọ rárá.
– Ó ń sọ pé òun kò wúlò, tàbí pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bí òun kò bá sí.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ń bẹ̀rù pé bíbéèrè ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà ló sábà máa ń jẹ́ kó lè mí kanlẹ̀ kó sọ ọ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ sì ti oògùn apakòkòrò àti oògùn ilé mọ́ ibi tí ọwọ́ kò lè tó.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín lè darí yín. Àwọn dókítà ọkàn àti ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Yábàá ní Èkó, ní Àrò ní Abẹ́òkúta, àti ní UCH ní Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò dá yín dúró. Kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ lójú títì nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹni bá fẹ́ gba àdúrà, kó gbà á. Kó sì gba dókítà láyè pẹ̀lú.

Nígbà tí mo dárúkọ Àrò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó yẹ kó máa wú wa lórí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo. Ní ọdún 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń padà sáàárín ènìyàn nírọ̀lẹ́. Gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀, ọkùnrin náà sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO nígbà tó yá. Ohun tó mọ̀ ni ohun tí a ti ń wí tipẹ́: ènìyàn laṣọ mi. Abẹ́rẹ́ àti oògùn ń ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó tì ọ́ náà sì ń ṣiṣẹ́.

*KÍ NI KÁ WÁ ṢE?*

Ẹ má pe ọmọ jókòó bí ẹni ń ṣẹjọ́. Nígbà tí ẹ bá jọ ń bó ẹ̀gúsí, tí ẹ jọ ń já ewédú, tàbí tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Ó ti pẹ́ tí mo rí ọ̀rẹ́ rẹ. Ó dà bí ẹni pé nǹkan ti yí padà. Ṣé ó ń dùn ọ́?" Bó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ má tíì gbà á nímọ̀ràn. Ẹ ní, "Ó yẹ kó dùn ọ́. Ẹ ti jọ rìn pẹ́." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ rẹ̀ ti ní orúkọ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá pàdé ọmọ kejì lọ́nà, ẹ kí i bí ẹ ti ń kí i. Àwọn ọ̀rẹ́ kan máa ń padà wá ní ọdún 20 tàbí 30, nígbà tí ìyàtọ̀ tó já okùn wọn kò jẹ́ nǹkan mọ́. Ilé tí wọn kò bú òun ni ọmọ máa ń lè padà sí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ọmọ, ẹ̀yin àlásàlátù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọjà, ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ jù wà. Ẹ máa ń pàdé lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà ní ohun kan tí wọ́n jọ ń ṣe tí kì í ṣe ìwé: ẹgbẹ́ akọrin, kíka kéwú, bọ́ọ̀lù, ìrun dídì, oúnjẹ sísè fún àwọn arúgbó. Ẹ pa wọ́n pọ̀ láti ilé-ìwé tó yàtọ̀ síra, kí ọmọ tí ilẹ̀kùn kan tì mọ́ ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Ẹ tún yan àwọn àǹtí àti ẹ̀gbọ́n tó ti tó ọmọ ọdún 20 tí ìwà wọn dára, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bójú tó ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun tí ọmọ kò lè sọ fún ìyá, ó lè sọ fún àǹtí.

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà, ẹ ní ohun tí àwa kò ní, ìyẹn àkókò. Ẹ pe ọmọ náà kó wá bá yín ká ewé tàbí kó wá bá yín wo fóònù. Ẹ sọ ìtàn ọ̀rẹ́ tí ẹ pàdánù nígbà èwe yín fún un, kó lè mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà sunkún rí, ó sì wà láàyè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀la, tí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ẹ ní òótọ́ ni. Kí ẹ wá béèrè pé, "Èwo nínú ogún náà ló ń dá jókòó?"

Ọmọ wa kò ní sọnù mọ́ wa lójú nínú ilé. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, pàápàá ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wọ JSS1 tàbí SS1 ní sáà yìí.